Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ èrìgì: kí ni kápúsù lè ṣe sí i, kí ni kò lè ṣe?

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwa Nàgó ilẹ̀ Benin, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, ó ti dé Sábẹ̀ẹ́ pàápàá. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní àṣìṣe gbáà ni bí a ṣe ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ èrìgì, pé ohun kan tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù ló ń jẹ ẹ́, àti pé àwọn òyìnbó ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́: tẹtirasaikílìnì, kápúsù aláwọ̀ méjì tí gbogbo wa mọ̀. Ó ní kí ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tú ìyẹ̀fun inú kápúsù náà sí ìdí eyín lálaalẹ́, kó sì máa gbé ọ̀kan mì láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tiwọn kún un: wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n bá kọ ẹ́ńsáìmù sí lára rẹ̀, kí èèyàn kó o dànù.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti já ni pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ń jẹ èrìgì lóòótọ́. Oògùn kan tó bá tẹtirasaikílìnì tan wà lóòótọ́ tí àwọn dókítà fi ń dá ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni irú oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó yẹ fún, àti iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ṣé irú kòkòrò kan ni ẹ́ńsáìmù ni?

Rárá. Kò lẹ́mìí, kì í bímọ, ẹ ò sì lè pa á bí ẹ ṣe ń pa kòkòrò. Èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni, láti mú kí iṣẹ́ kan yá. Ẹ bu búrẹ́dì sẹ́nu, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì, ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ti ń gé e sí ṣúgà yẹn.

Ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan ní ohun tó mọ̀ ọ́n gé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ èrìgì kàn jù ni ẹbí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní matrix metalloproteinase, tí wọ́n gé kúrú sí MMP. Mẹ́tàlélógún (23) ni wọ́n nínú ara èèyàn. Èyí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni MMP-8. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé kólájìn, ìyẹn okùn líle tó di awọ, eegun àti èrìgì mú. Fọ́nrán mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra wọn ni kólájìn, bí okùn tí a fi ń so ẹran, ohun tó lè gé e kò pọ̀. MMP-8 á já a sí méjì, apá kan jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èkejì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá ti já báyìí, àwọn fọ́nrán náà á tú, àwọn mìíràn bíi MMP-9 á wá rún wọn wómúwómú.

Ẹ má rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ẹ ti rí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú adágún omi nígbà òjò, nígbà tó ṣì ní ìrù. Ìgbà tó bá fi máa fò bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìrù náà á ti lọ, kò sì sí ẹni tó gé e. Ìrù yìí ni Jerome Gross àti Charles Lapiere ń wádìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962 tí wọ́n fi rí ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ nínú ẹbí yìí. Ara ọ̀pọ̀lọ́ ló jẹ ìrù ara rẹ̀, kó lè dàgbà. Nínú tiwa náà, bí ọgbẹ́ bá ń jinná, MMP ló ń kó okùn tó ti bàjẹ́ kúrò kí tuntun tó lè hù.

Kí ló wá gbé e dé ìdí eyín?

Ìdọ̀tí eyín ló ránṣẹ́ pè é. Ohun rírọ̀ aláwọ̀ funfun tí ẹ máa ń fi èékánná họ ní ìdí eyín láàárọ̀ kì í ṣe oúnjẹ lásán. Ìlú àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Lọ́dún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní Dẹ́ńmáàkì, ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá jáwọ́ nínú fífọ eyín. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú, ó ti pọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu, ó sì lọ. Ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó ṣeé dá padà pátápátá.

Bí ìdọ̀tí náà bá jókòó pẹ́, ara á rán àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá a jà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló gbé MMP-8 dání nínú àpò kéékèèké. Inú àkọ̀ ni ó wà nígbà tí wọ́n gbé e bọ̀, bí ọ̀bẹ tí a kò tíì fà yọ. Ìgbóná ìjà náà ló ń ṣí àkọ̀ náà. Bí ìjà bá di ti ojoojúmọ́, ọ̀bẹ náà kò ní padà sínú àkọ̀ mọ́. Okùn tó so èrìgì mọ́ eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í já, èrìgì á ṣí kúrò lára eyín, àyè kan á wà láàárín wọn tó dà bí àpò. Eegun tó gbé eyín dúró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn kúrò níbi ìjà. Ìpele kejì nìyí. Eegun tó bá lọ níbẹ̀ kì í sábà padà.

Mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Àjàṣẹ́ níbí, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń wọn àpò náà. Dókítà mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ìlà dúdú sàmì mìlímítà sí, ó rọra tì í bọ àárín eyín àti èrìgì, ó ń ka nọ́ńbà lédè Faransé fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Trois. Trois. Deux. (Mẹ́ta, mẹ́ta, méjì.) Nígbà tó kan eyín ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ó ní six (mẹ́fà). Ó sún irin náà díẹ̀, ó ní sept (méje). "Màmá, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi di apá àga mú. Nígbà tí irin náà jáde, ẹ̀jẹ̀ sun tẹ̀ lé e, ó rọra yí ìdí eyín náà ká bí òwú pupa. Mìlímítà 1 sí 3 kò burú. Láti 4 lọ sókè, àpò ti wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ta ló jẹ̀bi nígbà náà, kòkòrò ni àbí ara wa?

Ibí gan-an ni ohùn WhatsApp yẹn ti ṣìnà, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Àwọn kòkòrò náà ní ẹ́ńsáìmù tiwọn. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Porphyromonas gingivalis, ń ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní gingipain. Gingipain ń gé ẹran ara, ó tún ń ṣí àkọ̀ MMP tiwa, ó sì ń ba àwọn ohun tó yẹ kó dá MMP dúró jẹ́. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú okùn tó ń já níbẹ̀, ọ̀bẹ ara wa ló ń gé e. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nínú àrùn yìí, ọ̀bẹ ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ gbà pé ọwọ́ ara wa pọ̀ nínú rẹ̀ ni ìwádìí kan tí Löe yìí kan náà gbé jáde lọ́dún 1986. Ọdún 15 ni wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn 480 òṣìṣẹ́kùnrin inú oko tíì ní Sri Lanka, àwọn tí kì í fọ eyín, tí wọn kò sì rí dókítà eyín rí. Ìdọ̀tí kún ẹnu gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà sáré jẹ tó fi kó eyín wọn lọ jẹ́ nǹkan bí 8 nínú 100. Ti 81 ń lọ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Èrìgì 11 kò kọjá kó wú. Ìdọ̀tí kan náà, àbájáde mẹ́ta. Ìyàtọ̀ náà wà nínú bí ara oníkálukú ṣe ń jà.

Ṣé ara kò ní ohun tó fi ń dá ẹ́ńsáìmù dúró ni?

Ó ní. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní inhibitor; níhìn-ín, mo máa pè wọ́n ní adènà. Ti MMP gan-an ni TIMP, oríṣi mẹ́rin ni. Ní àárín MMP kọ̀ọ̀kan, síńkì wà níbi tí ẹnu ọ̀bẹ wà gan-an. Láìsí síńkì, kò lè gé nǹkan kan. TIMP á wá di ibẹ̀ pa, adènà kan fún ọ̀bẹ kan. Nínú èrìgì tó dá, àwọn méjèèjì wà ní déédéé. Nínú èrìgì tó ń ṣàìsàn, ọ̀bẹ á pọ̀ ju adènà lọ, ibẹ̀ ni ìparun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Adènà mìíràn wà tó ń jẹ́ alpha-1 antitrypsin, òun ló ń ṣọ́ elastase, ọ̀bẹ mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì funfun ń gbé. Èéfín sìgá máa ń ba adènà yìí jẹ́. Gingipain náà ń gé e. Ìdí kan nìyí tí èrìgì amusìgá fi ń tètè bàjẹ́. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti èrìgì kù, onítọ̀hún á máa rò pé ara òun le.

Àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìjà inú èrìgì á gbóná sí i, ẹ́ńsáìmù á pọ̀ sí i, ọgbẹ́ kò sì ní tètè jinná. Àrùn èrìgì náà tún ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá. Bí dókítà bá rí àpò jíjìn lẹ́nu yín tó sì ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, kì í ṣe pé ó fẹ́ náwó yín dànù.

Níbo ni ọ̀rọ̀ kápúsù ti wá?

Láti yunifásítì Stony Brook ní New York ni. Lọ́dún 1983, Lorne Golub àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé minosaikílìnì, oògùn kan nínú ẹbí tẹtirasaikílìnì, dín ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ kólájìn kù nínú èrìgì àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé wọ́n rí i nínú àwọn eku tí kò ní kòkòrò àìfojúrí kankan lára pẹ̀lú. Kò sí kòkòrò tí oògùn náà fẹ́ pa, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ ni oògùn yìí ń ṣe: ó ń pa kòkòrò, ó sì ń dí ẹnu ọ̀bẹ, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ síńkì àti kálísíọ́mù tí MMP nílò.

Wọ́n wá wá ìwọ̀n tó máa ṣe iṣẹ́ kejì láì ṣe àkọ́kọ́. Dọksisaikílìnì ni wọ́n mú, torí òun ló lágbára jù lórí MMP nínú ẹbí náà. Lọ́dún 1998, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i: mílígíráàmù 20, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ẹni tí dókítà ti fọ ìdí eyín rẹ̀ mọ́. Kápúsù dọksisaikílìnì tó wọ́pọ̀ ní fámásì jẹ́ mílígíráàmù 100. Ìlọ́po márùn-ún ni. Ní ìwọ̀n 20 yẹn, oògùn náà kéré jù láti pa kòkòrò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ṣé àwọn oníṣègùn fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀?

Wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà, ADA, ní fún ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára dáadáa, dókítà lè rò ó láti fi dọksisaikílìnì kékeré yìí kún iṣẹ́ fífọ ìdí eyín, fún oṣù 3 sí 9. Àǹfààní tí wọ́n ṣírò, ìyẹn bí èrìgì ṣe tún so mọ́ eyín tó, jẹ́ nǹkan bí 0.35 mìlímítà lórí ohun tí fífọ nìkan mú wá. Fífọ nìkan, láìsí oògùn kankan, ti mú nǹkan bí ìdajì mìlímítà wá.

Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ èrìgì ilẹ̀ Yúróòpù, EFP, gbé ìtọ́sọ́nà tiwọn jáde. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí a má lò ó. Àǹfààní náà kéré lójú wọn, oògùn tí èèyàn ń gbé mì fún ọ̀pọ̀ oṣù sì ní ohun tó ń bá a rìn. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ẹni tí ara rẹ̀ ń jà ju bó ṣe yẹ lọ, bí alátọ̀gbẹ, nílò ju fífọ lọ. Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò jiyàn lé lórí: fífọ ìdí eyín ló kọ́kọ́ wà, oògùn kò rọ́pò rẹ̀. Kò sí èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni tú ìyẹ̀fun sí èrìgì.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú di gbogbo ẹ́ńsáìmù náà pa?

Wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀, ó sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Àwọn oògùn tó ń di MMP pa pátá ni wọ́n fi wo àrùn jẹjẹrẹ ní àwọn ọdún 1990. Wọn kò wo jẹjẹrẹ náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀rora oríkèé. Oògùn odanacatib, tó ń dí cathepsin K, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ eegun, mú eegun àwọn àgbàlagbà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Merck pa á tì lọ́dún 2016 torí pé ó ń mú kí rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i. Lórí gingipain, wọ́n ṣe oògùn kan tó ń dí i, wọ́n fi wo àwọn tó ní àìsàn ìgbàgbé torí àwọn kan rí àmì kòkòrò èrìgì nínú ọpọlọ. Èsì rẹ̀ lọ́dún 2021 kò bá ohun tí wọ́n ń wá mu.

Àwọn onímọ̀ kan sì wo eku tí wọ́n ti yọ MMP-8 kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Èèyàn á rò pé èrìgì wọn á le ni. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2009 fi hàn pé nígbà tí wọ́n kó P. gingivalis bá wọn, eegun wọn bàjẹ́ ju ti àwọn eku yòókù lọ. Ọ̀bẹ náà ní iṣẹ́ ààbò tó ń ṣe. Kí ó má pọ̀ jù ni wọ́n ń wá.

Kápúsù orí àtẹ ńkọ́?

Ẹ wo àtẹ oògùn ní ọjà èyíkéyìí. Oòrùn ń pa á láti àárọ̀, kápúsù wà nínú ọ̀rá láìsí páálí, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tẹtirasaikílìnì kì í fara da ooru àti ọ̀rinrin. Láti 1963 ni ìwé ìṣègùn ti ń ròyìn àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo èyí tó ti gbó. Ọ̀rọ̀ oògùn ayédèrú kì í sì ṣe tuntun nílẹ̀ wa: Kùtọnu ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké gbàjarè lé e lórí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2009, lọ́dún 2017 sì ni ìjọba wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń tà á ní ọjà Dantokpa.

Bó bá jẹ́ ojúlówó pàápàá, kápúsù tẹtirasaikílìnì mílígíráàmù 250 tàbí 500 lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kò dí ẹnu ọ̀bẹ nìkan. Ó ń pa kòkòrò ara, àwọn tó dára mọ́ àwọn tí kò dára, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì mọ bí a ṣe ń fara da oògùn náà. Wọn kì í fún aboyún, wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, torí ó ń mú kí eyín tó ń hù lọ́wọ́ yí àwọ̀ títí láé. Ẹni tó bá fi wàrà gbé e mì, kálísíọ́mù inú wàrà á dì í mú kó tó wọ ẹ̀jẹ̀.

Ọṣẹ ìfọyín tó ní ẹ́ńsáìmù àti orín (pákò) ńkọ́?

Ẹ̀rù kò sí nínú ọṣẹ náà. Ẹ́ńsáìmù bíi glucose oxidase àti lactoperoxidase ni wọ́n ń fi sí i, wọ́n ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti bá kòkòrò jà. Wọn kì í gé kólájìn.

Orín ata àti àwọn orín yòókù ń họ ìdọ̀tí kúrò, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Omi ara àwọn igi kan lè dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ nínú ìgò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n inú ìgò kò ní itọ́, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní àpò mìlímítà mẹ́fà. Ẹni tó bá ń rin orín, kó jẹ́ kó kan ìdí eyín níbi tó ti pàdé èrìgì, kó má sì gbàgbé ẹ̀yìn eyín níwájú ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti máa ń le bí òkúta, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé.

Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi?

Ó ti gbọ́ ohùn WhatsApp náà, ó sì béèrè. Dókítà ní kó fi kápúsù sílẹ̀. Ó fi ìjókòó méjì fọ ìdí eyín rẹ̀ lábẹ́ èrìgì, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àárín eyín, ó sì rán an lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún sìn ín lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni. Trois, trois, deux. Six ti di quatre (mẹ́rin). Sept ti di cinq (márùn-ún), ẹ̀jẹ̀ kò sì tẹ̀ lé irin náà jáde mọ́. Eyín kan tó ń mì díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń mì díẹ̀, torí eegun tó ti lọ níbẹ̀ kò padà. Wọ́n kọ ọjọ́ tó máa tún wá sínú káàdì rẹ̀.